Òdòdó Òwú Lára Òpó Kẹta

"Má yà á."
Gbólóhùn kan ṣoṣo yìí ni mo gbọ́ lẹ́nu
àwọn ọlọ́pàá abẹ́ ilẹ̀ Táṣíkẹ́ńtì nígbà èwe mi,
wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni ń lé eṣinṣin.

Bàbá mi, Gaybulla, ló lẹ òdòdó òwú mọ́ òpó kẹta.
Amọ̀ dídán wẹ́wẹ́: funfun, àwọ̀ aró, wúrà díẹ̀,
ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n mọ́ sìmẹ́ǹtì tútù lóru,
kí rélùwéè tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níbẹ̀.
Oṣù mọ́kànlá gbáko.
Èékánná rẹ̀ ò mọ́ mọ́ láti ìgbà náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ibùdó, àwọn ọ̀gá gé rìbọ́ọ̀nù,
ayàwòrán ìjọba ya àwọn ọ̀gá.
Kò sẹ́ni tó ya òpó.

Wọ́n ní kì í ṣe ibùdókọ̀ lásán.
Wọ́n ní bí ogun bá dé, tí bọ́ǹbù ń já bọ́ láti òkè,
ibẹ̀ ni gbogbo ìlú yóò sá wọ̀,
kí ilẹ̀kùn irin tó nípọn bí ògiri sì tì gbàgà.
Òkété kì í sì í ya àwòrán ihò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọdẹ.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo gbà bẹ́ẹ̀.
Àmọ́ mo bi ìyá mi pé
bí òwú bá jẹ́ àṣírí,
kí ló dé tí wọ́n ń kó gbogbo iléèwé wa lọ ká a lóko lọ́dọọdún?
Ìyá mi wo fèrèsé, ó wo ilẹ̀kùn,
ó fi búrẹ́dì dí mi lẹ́nu.

Àbúrò ìyá mi, Tolqin, yá kámẹ́rà ará àdúgbò.
Ó fẹ́ ya bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀,
ẹ̀ẹ̀kan péré.
Fèrè dún. Bàtà dúdú mẹ́rin.
Wọ́n fa fíìmù yọ bí ẹni ń fa ìfun adìẹ,
ìmọ́lẹ̀ wọ̀ ọ́, ó parí.
Àṣé ìgbéyàwó ẹni tó ni kámẹ́rà wà lórí fíìmù yẹn.
Ìyàwó náà ò kí wa fún ọdún méjì.

Lálẹ́, bàbá mi mú pẹ́ńsù,
ó ya òdòdó náà sí etí ìwé ìròyìn,
ó tún pa á rẹ́.
"Ṣé fífọwọ́yà náà wà nínú òfin?"
Kò sẹ́ni tó mọ̀.

Òfin ti yí padà báyìí.
Ó yí bí ojú ọjọ́ ṣe ń yí, kò tọrọ àforíjì.
Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀.
Wọ́n ṣì tú báàgì mi lẹ́nu ọ̀nà,
wọ́n bá èso gbígbẹ, wọ́n bá oògùn ojú bàbá mi,
wọ́n ní kí n máa lọ.

Mo gbé fóònù sókè. Apá mi gbọ̀n.
Ọlọ́pàá kan ń bọ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì kún,
ọkàn mi já wọ inú bàtà.
"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ sí ọ̀tún."
Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló fẹ́ yà.
Ọmọbìnrin náà fẹ̀yìn ti òpó kẹta,
irun rẹ̀ bo ìdajì òdòdó.
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi,
mo ya òpó, mo ya irun mọ́ ọn.

Bàbá mi ò ríran dáadáa mọ́.
Ó gba fóònù, ó fi àtàǹpàkò ra gíláàsì náà, ó tún un rà.
"Ó ti dán jù. Tèmi, ewé kẹrin gbé sókè díẹ̀,
sìmẹ́ǹtì alẹ́ ọjọ́ yẹn ti fẹ́ gan."
Ó dákẹ́.
Ó wá fà mí mọ́ra, ó rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ṣé kò sẹ́ni tó rí ọ?"
Kí n tó dáhùn,
ó ti ki fóònù bọ abẹ́ ìrọ̀rí.